Àrọ̀ Tó Padà Sómi

Kánádà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé, ẹja pípa ló sì fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní yìnyín ló gbẹ́ adágún omi tí òun ti ń pa á. Màmá wa rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nílùú Ìlá, yìnyín a bọ́ lọ́sàn-án kan, a ba àgbàdo jẹ́, a sì yọ́ káwọn ọmọdé tó ṣà á tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní tibẹ̀ ga ju òkè Ìrèsì lọ láyé àtijọ́, ó ń wọ́ òkúta nísàlẹ̀, ó fi ń ha àpáta títí ibẹ̀ fi jìn, nígbà tó sì yọ́, omi dúró síbẹ̀. Màmá ní ó ti yé òun, bí ọmọ ọlọ ṣe ń jẹ ikùn ọlọ náà ni.

Gbogbo ìgbà ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́, òun àti ẹja gbọọrọ, eyín níta. Màmá a fi han gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń béèrè ìgbà tí ẹja náà yóò dénú ìkòkò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wálé ọdún, Màmá pe méjì nínú wọn wá jẹ iyán. Ó ní ẹja ọwọ́ ọmọ òun ni wọn yóò fi jẹ ẹ́. Kò ra ẹran, kò ra pọ̀nmọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà Ọ̀rà lọ síbi tí wọ́n ti sé odò. Oòrùn pa wá, kòkòrò jẹ wá. Nígbà tó yá, okùn ìwọ̀ le, àrọ̀ kan jáde, ó ki bí apá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ya òun ní fọ́tò, mo yà á. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ó sì dá a padà sómi.

Òun náà dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é ládùúgbò adágún nìyẹn, ó ti mọ́ òun lára. Inú bí mi gan-an. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àrọ̀ ọ̀nà Ọ̀rà ò mọ òfin Kánádà.”

Iyán ti délẹ̀ ká tó délé, àwọn ìyá ti fọwọ́. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo fọ́tò ẹja náà pẹ́, ó sì gbé fóònù ti abọ́ ọbẹ̀ láàárín tábìlì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà rọra béèrè ẹni tó ni orí.

Màmá bu òkèlè kan, ó ní, “Yìnyín yẹn, adágún nìkan kọ́ ló gbẹ́. Ó gbẹ́ ọpọlọ ọmọ mi mọ́ ọn.”