Pákó Tí Wọ́n Ní Ikán Jẹ

Nígbà tí ìlú pinnu láti tún ibùdó rélùwéè àtijọ́ ṣe, kí ó lè di ibi tí tọmọdé tàgbà yóò ti máa gbafẹ́, kò sẹ́ni tó jiyàn lórí káfíńtà tí wọn yóò pè. Ọkùnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò gba iwájú ibùdó náà kọjá. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá já síbẹ̀, yóò yà gba ẹ̀yìn ilé ìwé.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin kò wá mọ́, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibùdó pa, ó kù díẹ̀ kí ó gbéyàwó, kò sì ní tábìlì. Káńtà kan wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: odindi pákó kan tí kò ní ìsopọ̀, tó gùn tó ọkùnrin tó nà gbalaja. Ìgúnpá àwọn arìnrìn-àjò ti jẹ ẹ́ níbi méjì, títí ojú ibẹ̀ fi jìn bí àwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò lé gbogbo ènìyàn wọlé, káfíńtà gba ojú fèrèsé wọ ibẹ̀, ó fa ìṣó yọ, ó sì gbé pákó lọ. Nílé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì kan ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn. Kòtò méjèèjì bọ́ sábẹ́, níbi tí ojú kò tó.

Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà òun ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé ẹnikẹ́ni yóò béèrè pákó nínú ilé ahoro. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ béèrè. Ọlọ́dẹ wò yí ká, ó ní bóyá ikán ló jẹ ẹ́. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní irú ikán wo ni yóò kọ́kọ́ fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó jókòó jẹun. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń pè é ní Bàbá Ikán.

Káfíńtà gbéyàwó. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń wá bá wọn jẹun, orí tábìlì yẹn náà sì ni. Nígbà mìíràn, orúnkún rẹ̀ á wọ kòtò abẹ́ rẹ̀, á sì ní, “Àna mi, ebi ń pa tábìlì yín yìí o, ikùn ẹ̀ ti wọlé.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi ẹran kún ti àna rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni káfíńtà ń gbà wọ ibùdó. Ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í fi nǹkan falẹ̀, ní òun fẹ́ káńtà tuntun tí yóò rí bí ti àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Káfíńtà ní kí ó fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ka ìwọ̀n sílẹ̀ fún un, gígùn, ìbú àti nínípọn. Wọ́n fi wé ojú ìṣó àtijọ́ lára ògiri, kò fi irun kan yẹ̀.

Ẹnjiníà ní, “Bàbá, ẹ ò tíì fi téèpù kan ògiri yìí. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó jókòó níbẹ̀, lórí péèlì tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá wo bí wọ́n ṣe ń jí ilé náà dìde. Òun ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ: “Ṣé àna mi lẹ ń bi? Igi tó bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé ẹ̀.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwúrí. Ìyìn náà ta káfíńtà ju èébú lọ, kò sì lè kan ìṣó kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ibi tí wọn yóò ti máa jẹun. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ pa ojú pákó náà, ó ní, “Orí ẹ̀ ni mo ti ń bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n mi.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di etí kan pákó náà mú, ọkọ rẹ̀ di èkejì, wọ́n sì gba iwájú ibùdó wọlé.

Káfíńtà gbé pákó náà sí àyè rẹ̀, ó yí ojú kòtò sókè. Ó bọ́ síbẹ̀ pẹ́kí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dìde lórí péèlì.

Káfíńtà ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ikán yẹn.”

Àgbàlagbà náà fi ìka kan ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan, ó sì wo àbúrò rẹ̀, tí kò lè gbójú sókè. Ó ní, “Ọjọ́ tí wọ́n bá máa ṣí ibí, ẹnu ẹ náà ni kó o fi sọ fún wọn. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ ìṣílé, àwọn ọmọdé ń sáré lórí pèpéle, àwọn òbí jókòó sórí àga gbọọrọ tí káfíńtà kàn. Ó dúró lẹ́yìn káńtà, ó sì sọ ọ́. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà, àfìgbà tí wọ́n rí ojú Bàbá Ikán.

Tábìlì tuntun ti wà nílé báyìí, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀gbọ́n kò sì wá jẹun nídìí rẹ̀ rí. Ibùdó ló ń wà lọ́jọ́ Ìsinmi, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì nínú kòtò méjèèjì. Ibẹ̀ ni káfíńtà ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń gbà á, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kò tíì tún pè é ní “àna mi”.