Láàárín Káṣúà àti Sítáàfù

Òórùn ọ̀rá gbígbóná kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, lójú ọ̀nà Ìdíròkò ní Ọ̀tà níbí, ni mo ti lo ìgbà ọkùnrin mi. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́nu géètì láàárọ̀, kí n kọ orúkọ àwọn tí ọ̀gá bá gbà wọlé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n lẹ́nu géètì yẹn, ọ̀mọ̀wé ni mí. Gbogbo wọn ni mo ṣì rántí: Múdà ará Ìwó tí kì í ṣí fìlà, Ṣadé tó máa ń pọn ọmọ wá kí ọ̀gá lè ṣàánú rẹ̀, Ìdòwú aláwàdà, àti Làsísì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo.

Èmi ni mo mú Làsísì wá láti Ìkirè. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé tiwa lábẹ́ òrùlé ni, òjò kì í pa wá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn níbẹ̀, káṣúà àti sítáàfù. Sítáàfù lèmi, mo ní lẹ́tà. Káṣúà ni Làsísì. Ó bi mí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé pé, “Bọ̀dá, kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?” Mo rẹ́rìn-ín bí tíṣà. Mo ní, “Òṣìṣẹ́ nìyẹn, òṣìṣẹ́ nìyí. Káṣúà lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, sítáàfù lẹni tó ti pẹ́. Ìwọ ṣáà dúró.” Ó dúró.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, wọn a ní kí gbogbo káṣúà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà wọn a tún gbà wọ́n bí ẹni tí wọn ò rí rí. Ọ̀gá kò fẹ́ rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ padà a gba orúkọ mìíràn. Èmi ni mo máa ń bá wọn wá a. Eré la fi ń ṣe. Ìdòwú a ní, “Akọ̀wé, ẹ fún mi lórúkọ olówó lọ́tẹ̀ yìí o, ìyà ni ti èṣí fi jẹ mí!” Làsísì di Ràfíù, ó di Fẹ́mi, ó di Sámúẹ́lì. Nígbà tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, àwọn aládùúrà inú iléeṣẹ́ ní kó wá gbàdúrà fún wọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké Fátíhà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá báyẹn. Ọ̀gá tuntun wá dé, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ọdún márùn-ún, òun máa sọ ọ́ di sítáàfù, inú ìwé géètì lòun sì máa wò. Làsísì, tó ti tún padà sí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé tuntun láti oṣù méjì, ra bàtà tuntun. Ọ̀gá ṣí ìwé títí, ó ní, “Làsísì dà? Oṣù méjì péré ni mo rí níbí.”

Àbúrò mi yíjú sí mi. Bí mo bá ní òun náà ni Ràfíù, òun náà ni Fẹ́mi, èmi tí mo kọ irọ́ sínú ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta. Mo wolẹ̀. Làsísì kọjú sí ọ̀gá, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Ọjọ́ yẹn ni ìtumọ̀ méjèèjì tó yé mi. Sítáàfù ni ẹni tí ìwé rántí. Káṣúà, bó ti wù kó pẹ́ tó, àárọ̀ òní ló dé. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnu géètì ni èmi wò.

Làsísì kò bá mi jà. Ó tún ṣe káṣúà náà fún ọdún méjì, kó tó lọ máa yọ búlọ́ọ̀kù ní Àtàn, nínú oòrùn àti òjò tí mo ní kó sá fún. Bó bá wá kí mi nílé mi ní Ṣàngó, ẹ̀rín la máa ń rín. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí, èmi náà kò sì mẹ́nu bà á. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bó bá tún wá, n ó sọ ọ́.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ló kú. Wọ́n sin ín sí Àtàn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo múra láti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí dá mi dúró, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kì í wo sàréè àbúrò, èèwọ̀ ni. Mo bọ́ agbádá mi, mo jókòó sí pálọ̀. Ohun tí mi ò lè sọ níwájú ọ̀gá yẹn, tí mi ò sì sọ fún un ní gbogbo ọdún tá a fi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé n ó sọ ọ́ létí oórì rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀.