Sànúsí Aránbàtà, Ẹni Tó Ń Wo Ìsàlẹ̀

Bí o bá kí Sànúsí aránbàtà ní Ajégúnlẹ̀ tí kò gbójú sókè, má bínú. Bàtà rẹ ló ń wò. Ó lè dá ọ lóhùn, kó bi ọ́ léèrè ará ilé, kó ṣàdúrà fún ọ, kó má sì mọ̀ bóyá o dúdú tàbí o pupa. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kẹ́yìn sí i, yóò sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Orúnkún ọ̀tún ń dun ẹni yẹn," òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Ó ní ènìyàn lè purọ́, bàtà kì í purọ́. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ sáré kiri, iwájú bàtà rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹni tó ń rẹrù ní Wáàfù, gìgísẹ̀ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá gùn ju ìkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa jẹ bí ẹni pé eku ló ń gé e. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju àpótí kan, bẹ́ǹṣì kan àti agbòjò ńlá kan tó ti ṣí láwọ̀ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Bọ́ńdárì, ibẹ̀ ló sì jókòó sí tó ń ka ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò bí ẹni ń kàwé.

Ìdí tó fi mọ ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ó sì wá sáyé pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó yí sínú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ àgbà fi òróró ra á, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ dì í, ẹsẹ̀ kò gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi kọ́ ìrìn, egbò kì í sì í tán níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kéú fún un ní orúkọ tí kò yẹ ká kọ sínú ìwé. Bàtà tí wọ́n ń tà lọ́jà kò gba ẹsẹ̀ náà rárá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lọ kọ́ṣẹ́ bàtà nítorí ohun kan ṣoṣo: ó fẹ́ wọ bàtà méjì lọ sí yídì lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Bàtà àkọ́kọ́ tó rán fún ara rẹ̀, tòsì ga bí odó kékeré, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lọ sí yídì lọ́dún Iléyá, ìyá rẹ̀ sì sunkún títí ìrun fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Láwàlì, tó ń rẹrù ní Àpápá, kò sì padà mọ́.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan já níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Dókítà Adéjùwọ́n ni, ẹni tó ń gbé ní Àpápá GRA, tó ní mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà, síbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Ajégúnlẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìwádìí. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń wá: ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tètè le, ọmọ tó yẹ kó ti jókòó tí kò jókòó, pàápàá ọmọ tí wọ́n bí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Bí Sànúsí ti ń lẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sínú báàgì tí obìnrin náà gbé sílẹ̀. Bàtà ọmọ kékeré méjì ló rí níbẹ̀ tí ọ̀pá irin kan so pọ̀.

"Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Dókítà ṣàlàyé fún un. Ó ní bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí wá, àwọn á máa rọra fi ọwọ́ tún un ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àwọn á máa fi pí-o-pí, báńdéèjì tó ń le bí sìmẹ́ńtì, dè é títí yóò fi tọ́. Lẹ́yìn náà ni bàtà onírin yìí yóò máa di ẹsẹ̀ méjèèjì mú kí ó má baà padà: tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí ọmọ bá ń sùn, títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ti pí-o-pí yẹn?"

"Mẹ́fà, Bàbá. Nígbà mìíràn, márùn-ún."

Sànúsí gbé gìgísẹ̀ tó ń lẹ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú bí i, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí. Nígbà tí Dókítà ní òkè òkun ni bàtà náà ti ń wá, pé ó máa ń há sí èbúté ní Wáàfù tí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà jù ú, Sànúsí ní kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òun. Ọjọ́ kẹta, ó ti rán irú rẹ̀, awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ ló fi ṣe inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di aránbàtà ìwádìí.

Nígbà tí ogójì ọmọ ti gba bàtà rẹ̀, Dókítà Adéjùwọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ kò dùn. Bàtà onírin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Ramlah, ọmọ oṣù márùn-ún kan tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Suwaibat.

"Bàbá, ẹsẹ̀ Ramlah ti ń yí padà. Ọmọ mọ́kànlá ló ti rí bẹ́ẹ̀. Mo bi àwọn ìyá wọn bóyá wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún wọn, gbogbo wọn ní tọ̀sán-tòru ni. Fọ́ọ̀mù mọ́kànlá, ohun kan náà. Bí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́ tí ẹsẹ̀ sì ń padà, a jẹ́ pé bàtà náà ló lábùkù. Ó lè di pé kí n dá a dúró. Ẹsẹ̀ Ramlah, bó bá ń bá a lọ báyìí, iṣẹ́ abẹ ńlá ni."

Sànúsí gba bàtà náà, ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú. Bàtà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, awọ inú rẹ̀ á ti ṣú, àtàǹpàkò á ti sàmì síbẹ̀, á sì máa rùn bí òógùn àti wàrà. Inú èyí mọ́ bí ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ òun, òórùn gọ́ọ̀mù òun ṣì wà níbẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ti dójú ti Suwaibat, obìnrin náà sì lè má gbé ọmọ wá sí ọsìbítù mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò padà síbi tí tirẹ̀ wà.

"Dókítà," ó ní, "wọ́n ní, 'Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́.' Ó ní, 'Òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀.' Òkè ni fọ́ọ̀mù yín. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pa òwe yẹn níwájú Sànúsí, kí a má tilẹ̀ wá sọ pé Sànúsí fúnra rẹ̀ ló pa á. Ó ní òun gbà.

Lọ́jọ́ kejì, Sànúsí wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ibùdókọ̀ Coconut, níbi tí Suwaibat ti ń ta tíì àti búrẹ́dì fún àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà. Ramlah wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yọ síta lọ́tùn-ún lósì láti abẹ́ ọ̀já, lásán, kò sí bàtà, tòsì sì ti ń wo inú. Bí Suwaibat ti rí Sànúsí, ó fa ìborùn bo ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ìyá Ramlah. Ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Ó ń wọ bàtà rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí Dókítà gba ẹyọ kan yẹn, a ní òmíràn tí à ń lò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni."

Kò sí òmíràn kankan. Ẹni tó ń rán an ló ń purọ́ fún. Sànúsí kò bá a jiyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn dẹ́rẹ́bà, ó tú okùn bàtà òsì rẹ̀, ó sì bọ́ ọ. Láti ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà l'Ékòó, ìyàwó rẹ̀ àti búútà àlùwàlá nìkan ló mọ ẹsẹ̀ náà. Ó nà án jáde sójú oòrùn.

"Suwaibat, wò ó dáadáa. Bí ti Ramlah ṣe rí nìyí nígbà tí wọ́n bí mi. Ìyá mi ò rẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ ti rí i."

Suwaibat kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo mọ́tò ti sọ di dúdú.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Irin yẹn ò jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè yà gba ìbàdí mi. Bí mi ò bá sì pọ̀n ọ́n, ta ló máa bá mi gbé e kí n tó po tíì? Mo kọ́kọ́ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, 'Madam, wetin dis pikin do? Na from Kirikiri una bring am?' Wọ́n ní mo ki ṣẹkẹṣẹkẹ bọ ọmọ lẹ́sẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Dókítà?"

"Há, Bàbá! Ẹni tó ṣe wá lóore tó báyìí? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó kí n ní mi ò lo nǹkan tó fún mi?"

Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bó bá rí báyìí fún un, á rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mẹ́wàá yòókù: ìyá mọ́kànlá tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ló jọ fi ẹ̀kọ́ ilé ba ìwádìí jẹ́. Sànúsí náà kò sì rí ẹnu dá wọn lẹ́bi. Òun tí ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ títí ọ̀já fi gbó, ó rán ogójì bàtà onírin láìrántí ẹ̀yìn ìyá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbi tó ti ń wọ bàtà rẹ̀ padà, ó gbọ́ "káà!" lẹ́yìn rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan ló ń tú irin tí wọ́n fi ń há kọ̀ntéénà mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Irin náà ní orí. Bí wọ́n bá yí i díẹ̀, ó há. Bí wọ́n bá yí i padà, ó tú. Sànúsí sún mọ́ ọn.

"Oga, abeg, do am again."

"Baba, na container you wan thief?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ibẹ̀, Sànúsí gba ọ̀dọ̀ Ebimobowei lọ, wẹ́dà kan tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ tírélà. Ebimobowei wo ohun tí Sànúsí yà sórí páálí, ó mi orí.

"Baba, na tanker I dey weld. Dis one na for ant?"

"Na for pikin."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó fún Ebimobowei, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkíní kò há, èkejì kò tú, ẹ̀kẹta ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Bí ìyá bá fẹ́ pọn ọmọ, yóò yí orí irin náà, ọ̀pá yóò jáde, bàtà yóò kù lẹ́sẹ̀. Bó bá sọ ọmọ kalẹ̀, "káà," ó ti há padà. Sànúsí gba àjákù àǹkárá lọ́wọ́ Suwaibat, ó fi rán ẹ̀wù fún ọ̀pá náà, kò sì jọ ṣẹkẹṣẹkẹ mọ́.

Kí ó tó gbé e fún Dókítà Adéjùwọ́n, ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn ìyá náà, pé kí ó má bá ẹnikẹ́ni wí. Lẹ́yìn náà ló ròyìn ohun gbogbo. Dókítà yí irin náà síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, tọ̀sán-tòru ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Dókítà. Ṣùgbọ́n èwo lẹ fẹ́? Wákàtí kan tí wọ́n tú u tí wọ́n sọ fún yín, àbí oṣù mẹ́ta tí wọ́n tú u tí wọn ò sọ?"

Dókítà fi ọwọ́ bo ojú. Ó béèrè irú ìbéèrè tí òun ì bá kọ sínú fọ́ọ̀mù. Sànúsí ní, "Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó. Ẹ bi wọ́n pé, ibo ló ti ń ni yín lára? Kò sí ìyá tí kò ní lésì síyẹn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́.

Wọ́n tún fi pí-o-pí de ẹsẹ̀ Ramlah fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó bọ́ sínú bàtà tuntun. Nínú àwọn ọmọ mọ́kànlá náà, ẹsẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án tọ́. Àwọn méjì yòókù ṣe iṣẹ́ abẹ. Sànúsí mọ orúkọ wọn, òun ló sì ń rán bàtà fún wọn títí dòní. Lóṣooṣù ni àwọn ìyá ń gbé bàtà wá sí Bọ́ńdárì. Á ti ìka bọ̀ ọ́, á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá rí i pé inú rẹ̀ mọ́ jù, kì í fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Á fi bẹ́ǹṣì lọ ìyá náà, á ní, "Jókòó, ìyá. Ibo ló ti ń ni ọ́ lára?"

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá yìí, Ramlah pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bàtà onírin sì parí iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Suwaibat fà á lọ́wọ́ wá sí ìsọ̀. Okùn bàtà ilé-ìwé rẹ̀ ti já. Sànúsí kí wọn láìgbójú sókè, ó gba bàtà náà, ó sì yí i dojú dé bí ìṣe rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ti jẹ. Ó na ọwọ́ gba ìkejì. Ìyẹn náà ti jẹ. Ó tò wọ́n sórí itan, ó fi àtàǹpàkò wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó tún padà wọn ọ̀tún. Wọ́n jẹ dọ́gba.

Nígbà náà ni Sànúsí gbójú sókè, ó wo ojú ọmọ náà tààrà.

"Ramlah, ìwọ lo jẹ bàtà báyìí?"

Ọmọ náà rò pé ó ń bá òun wí. Ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo ń sáré ni."

Omi bọ́ lójú Sànúsí sórí bàtà kékeré náà, kò sì nù ún.

"Máa sáré lọ," ó ní. "Bó bá tún jẹ, gbé e wá. Màá tún un ṣe."