Òdo Bàbá Oníbúrẹ́dì

Ìjà Bàbá Oníbúrẹ́dì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí. Ara ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ń gbóná tó fi sáré gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ti tẹmọ́mítà bọ abíyá ọmọ, ó ní, "Mọ́kàndínlógójì."

"Irọ́! Tilé wa ka méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Àbí ibà méjì ló ń ṣe ọmọ kan?"

"Bàbá, ibà kan náà ni. Ibi tí kálukú wọn ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ló yàtọ̀. Tiwa, ibi tí omi ti ń di yìnyín ni òdo."

"Omi kẹ̀? Ṣé omi ni mo gbé wá bá yín ni?"

Ara ọmọ balẹ̀, ọkàn bàbá ò balẹ̀. Ta ló fún omi láṣẹ? Ó rò ó títí, kò yé e. Lọ́jọ́ tí ọmọ gbádùn tó tún ń da ilé rú, ó ti tẹmọ́mítà ilé bọ̀ ọ́ lábíyá, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbi tó dúró. "Òdo rèé," ó ní. "Ibi tí ara ọmọ mi ti dá."

Ó gbé òdo náà dé ibi iṣẹ́. "Ẹ dáná! Kí ààrò gbóná ju ọmọ mi lọ lọ́nà márùn-ún!"

Àwọn òṣìṣẹ́ wojú ara wọn. "Bàbá, ẹ ní òdo ni ọmọ yín. Òdo lọ́nà márùn-ún, òdo náà mà ni."

"Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ máa koná!"

Ta ló máa mọ ibi tó yẹ kí iná dé? Búrẹ́dì jóná dúdú bí èédú, ìyàwó rẹ̀ sì ní kó fi òdo rẹ̀ jẹ ẹ́.

Bàbá ti lọ báyìí, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ọmọ náà ti di abiyamọ, ìtìjú ni òdo yìí sì máa ń jẹ́ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara ọmọ tirẹ̀ ń jó o lọ́wọ́. Tẹmọ́mítà bàbá ló wà nílé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti parẹ́, ìlà pupa nìkan ló kù. Ó tì í bọ ọmọ lábíyá, ó wò ó títí: ooru náà kọjá ìlà, ó tún ń gòkè. Ó pọn ọmọ, ó di eré.

"Mélòó ló kà nílé?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ó ti kọjá òdo, ó kọjá dáadáa!"

"Òdo wo, ìyá ọmọ?"

Ẹ̀rín àti ẹkún gbọ̀n ọ́n pọ̀. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni òdo."

Kò yé nọ́ọ̀sì rárá, ṣùgbọ́n ó yára gba ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ tún ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ lábíyá. Orí ìlà pupa gan-an ló dúró sí.

"Bàbá mi," ó ní, "ó ti dé òdo."