Páwà Páàkì Tí Mo Fi Ìbínú Ṣe

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí eegun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, Ọ̀tà tí ẹ ń wò yìí kò tíì kún tó báyìí. Àsìkò yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú lọ́nà Ìjù, tí yunifásítì dé, tí àwọn onílé ń hú ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn dànù kí wọ́n lè kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá pọ̀ sí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ orin á pọ̀ níbẹ̀. Iná ìjọba sì ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ tún ṣe kò lè febi sùn. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní àdúgbò Ṣàngó. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni ìyá mi. Láti Ọ̀ṣun ló ti wá, bàbá mi ti kú, èmi nìkan ló sì bí.

Ọ̀gá yìí mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ahun ni. Ó lè ní kí n gbálẹ̀, kí n jó wáyà pọ̀, kí n gbé ẹ̀rọ lọ fún oníbàárà, àmọ́ tó bá ti kan páwà páàkì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ iná líle inú ilé di ìwọ̀nba iná tí ẹ̀rọ lè gbé mì, á ní kí n lọ ra omi wá. Ti àtijọ́ rọrùn, irin wúwo àti wáyà lásán ni. Tuntun tó gbòde nígbà yẹn fúyẹ́. Ó ń tan iná, ó ń pa á, kíákíá ju bí ojú ṣe lè rí lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Òun ni ọ̀gá fi ń jẹun, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Tí mo bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Obìnrin wo ló ń ṣe páwà páàkì? Máa jó wáyà ẹ lọ, ìyẹn náà tó ẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́nà Ìjù gbé páwà páàkì kíbọ́ọ̀dù orin wọn wá. Ọ̀gá fi ìkánjú tún un ṣe, iná ò sì sí láti fi dán an wò, ó ní kí n gbé e lọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń kọrin ìyìn lọ́wọ́, nǹkan náà bú gbàù, èéfín gba gbogbo iwájú pẹpẹ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, alàgbà méjì wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ò tilẹ̀ ronú. Ó nàka sí mi, ó ní, "Ọmọbìnrin yìí ló tú u lẹ́yìn mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án."

Mo ní irọ́ ni, ó gbá mi létí. Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ibi iṣẹ́ ló ti sáré wá, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí òkúta wẹ́wẹ́ etí títì ló kúnlẹ̀ sí, lójú gbogbo ayé tó ń kọjá, ó ń ní, "Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi." Ọ̀gá ò wojú rẹ̀. Ó ju báàgì mi síta.

Bí mo ṣe ń gbọn òkúta kúrò lórúnkún ìyá mi ni mo búra. Mi ò búra pé màá bá a jà. Mo búra pé ohun tó fi pa mọ́ fún mi yẹn gan-an ni màá mọ̀, òun náà ni màá sì fi dójú tì í níwájú àwọn alàgbà tí ọ̀gá pa irọ́ náà fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gba yàrá nílé tí à ń gbé, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ iná. Òun ni mo lọ bá. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fi èédú ya gbogbo rẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé: ibi tí iná ń gbà wọlé, kápásítọ̀ tó rí bí agolo kékeré tó ń tọ́jú iná, tíráńsítọ̀ tó ń gé e wẹ́wẹ́, àti tiránsífọ́mà tó ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ó ní, "Àbúrò, iná inú nǹkan yìí ń pa èèyàn o. Tí o bá yọ ọ́ lára ògiri pàápàá, ó ṣì lè ba sínú agolo yìí dè ẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ara kọ̀ǹpútà tó ti kú láàtàn àwọn tó ń ta àlòkù ní Ṣàngó, nítorí irú páwà páàkì tuntun yìí wà nínú wọn. Mo se tiránsífọ́mà nínú omi kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè tú, mo yọ wáyà bàbà rẹ̀, mo sì fọwọ́ ara mi wé òmíràn sí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, bí mo ṣe kì í bọ iná ni tíráńsítọ̀ bú, iná gbogbo ilé lọ, àwọn ayálégbé ń ṣépè fún mi. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bú. Ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"O wé wáyà kan sọ́tùn-ún, o wé èkejì sósì. Má sì kì í bọ iná tààrà mọ́. Fi gílóòbù sáàárín. Tí ó bá burú, gílóòbù ni yóò tàn, nǹkan ẹ ò ní jó."

Mo tún un tú. Tí òjé gbígbóná bá ta sí mi lọ́wọ́, tí ó sì ń ṣe mí bíi kí n jáwọ́, màá rántí obìnrin tó kúnlẹ̀ sétí títì, màá tún gbé irin ìjó òjé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gílóòbù ṣẹ́jú, ó kú. Iná pupa kékeré tí mo so mọ́ òdìkejì sì tàn, kò kú mọ́. Mi ò pariwo. Mo kàn sọ lẹ́nu jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ó ku ìwọ."

Ìsọjí ni ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀nà Ìjù yẹn ń múra sílẹ̀ fún nígbà náà. Páwà páàkì tí wọ́n rà dípò èyí tó jó náà ti kú, ọ̀gá sì ti sọ fún wọn pé kò ṣeé tún ṣe. Mo kó tèmi sínú àpótí pákó, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Alàgbà kan dá mi mọ̀.

"Ìwọ kọ́ lo jó tiwa níjọ́sí?"

"Sà, ẹ pe ọ̀gá mi kó wá wò ó. Ẹ sì gbé èyí tó jó yẹn síta. Tí tèmi bá bú, ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Ọ̀gá dé, ó ń fẹnu yọ ṣùtì. Mo tan tèmi. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò ṣe é. Mo wá tú èyí tó jó síwájú wọn. Kápásítọ̀ ní ẹnu tó yẹ kó kọ síbi kan, wọ́n sì kọ àmì sí i lára kí èèyàn má bàa ṣì í. Èyí tí ọ̀gá pààrọ̀ wà lódìlódì, inú rẹ̀ ti tú jáde. Alàgbà yíjú sí i. "Ọ̀gá, ta ló fi èyí síbí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ gba owó kápásítọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa?"

Ọ̀gá ń wolẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ Èṣù ni, sà."

Alàgbà ní, "Èṣù ò ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó."

Ọ̀gá wá ń pè mí ní "ọmọ mi dáadáa." Mo ní ìyá mi wà nílé, òun ni kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn alàgbà náà ló mú un lọ. Ó nà gbalaja lójú gbogbo ayálégbé, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí n lè wò ó yó. Àfi bí ìyá mi ṣe fà á dìde kíá, tó bu omi fún un mu, tó ní ó ti tán! Inú bí mi sí i débi pé mi ò jẹun tó sè lọ́jọ́ náà.

Ìwà tirẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe tèmi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ́ọ̀ọ́kán ọ̀gá, mo sì gba oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kó ẹrù lọ sápá Igbesa. Nígbà tó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì wọn, mo tún ní kí wọ́n bù sí i. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ìyá tiyín ni wọ́n mú kúnlẹ̀.

Lónìí, ta ló ń tún páwà páàkì ṣe? Tó bá ti kú, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó ra òmíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, orí fóònù ló wà: àjèjì tí kò mọ̀ yín rí á tú u palẹ̀, á fi gbogbo inú rẹ̀ hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní rán yín lọ ra omi. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí ìgbà yẹn padà wá. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wò ó dé ìdajì, tí ẹ ń yí i kọjá, mo sì máa ń bi ara mi pé: àwọn wọ̀nyí tí ẹnì kankan ò fi nǹkan pa mọ́ fún, ta ni inú yóò máa bí wọn sí, tí wọn yóò fi kọ́ ọ parí?