Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà àti Fọ́tò Ìbejì

Ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà kò tíì dé. Olùkọ́ ti dé, àga ti dé, tíì àti bisikíìtì ti dé, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n ní kí a wá kọ́ ṣì wà ní èbúté lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lo ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: a fi ìka ṣe férémù sójú, a ń wo ara wa láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rò pé àrùn ojú ló kó gbogbo wa jọ síbẹ̀.

Banjul ni mo ń sọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Bathurst. Ọmọ iṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ràfíù, ayafọ́tò ará Ìlá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mo ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó níyàwó nílé, fìrídọ́ọ̀mù mi nìkan ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí, fìrídọ́ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà lé ọmọ iṣẹ́ lórí lójú ẹbí àti ará, tí yóò ní, "Máa lọ, kí o máa jẹun lára ohun tí mo kọ́ ọ." Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ìbáà jẹ́ pé o mọṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, ìwọ ni wàá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Àfi bí mọ́tò agbóhùnsókè ṣe ń yí ìlú ká lọ́jọ́ kan, tí ó ń pariwo pé ẹ̀kọ́ ti dé fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀nà jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ẹni tó bá sì ta yọ, London ni wọ́n máa rán an lọ fún ọdún kan, láti lọ parí ẹ̀kọ́ fọ́tò. London! Mo sáré wọlé lọ bá ọ̀gá mi.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lo pè é?"

"Mẹ́fà, Ọ̀gá."

Ó ń fi pẹ́ńsù tó ṣóńṣó tún ojú obìnrin kan ṣe lórí nẹ́gẹ́tíìfù, fíìmù tí a ti ń fọ fọ́tò jáde, ó ń pa ìhunjọ rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni adìyẹ fi ń sàba kí ẹyin tó di òròmọdìyẹ. Lọ, Múfú. Nígbà tí o bá fi máa padà dé, wàá ti di òròmọdìyẹ méjì."

Báyìí ni mo ṣe lọ. Kí n má parọ́, tíì ibẹ̀ dára. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn láti Bundung wá, wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin kámẹ́rà àti àpótí ọṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i kí wọ́n pẹ́ dé ìdí bisikíìtì. Àǹtí Hánà ló ń bu tíì fún wa, àgbà obìnrin Aku, ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, ọmọ ilé àtijọ́ nílùú náà. Yorùbá tirẹ̀ kò ju orúkọ oúnjẹ àti ìkíni lọ, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kó dání kò sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Olùkọ́ wa, tubaab ni, bí àwọn Wolof ṣe ń pe òyìnbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, oòrùn ti bó o nímú. Èèyàn rere ni, àbùkù rẹ̀ kan kò ju pé ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó gbájú mọ́ jù ni pé fọ́tò kò gbọdọ̀ parọ́. Kò sí fífi pẹ́ńsù tún ojú ẹnikẹ́ni ṣe. Bí ẹnì kan bá ní ìhunjọ, ya ìhunjọ. Mo rò ó pé kí n mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣègbéyàwó, kó wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí kámẹ́rà dé, ẹyọ kan ni. Àwa tó lé ní ogún to lórí ìlà bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó bá kàn á fọwọ́ kàn án, á ní "Háà," á sì padà lọ jókòó. Ébríma ló jókòó tì mí, ọmọ àdúgbò Campama, ẹlẹ́nu dídùn. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò fẹ́ yàwòrán kankan, London lòun fẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí òun nìkan ló ń sọ òtítọ́ nínú ilé òtítọ́ yẹn.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ sópin, olùkọ́ ní kí oníkálukú mú fọ́tò kan wá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Mo ronú, mo tún un rò, mo sì mú fọ́tò Ìyá Aláṣọ.

Ìyá Aláṣọ ará Ọ̀fà, Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀, aṣọ ló ń tà nínú ọjà. Obìnrin sísanra tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Táyé rẹ̀ ti lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọdé, ní Ọ̀fà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọdọọdún, bí ààwẹ̀ bá ti parí, ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láti ya fọ́tò àwọn méjèèjì. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Ìyá á jókòó lápá òsì bíi Táyé, a ó yà á. Lẹ́yìn náà a ó gbé páálí sí ìdajì kejì, ìyá á kọjá sí apá ọ̀tún bíi Kẹ́hìndé, a ó tún yà á sórí fíìmù kan náà. Bí ẹ bá fọ fọ́tò náà tán, obìnrin méjì ló jókòó pọ̀ nínú aṣọ kan náà, ẹ kò ní rí ojú ìránpọ̀ bí ọwọ́ yín bá dá. Ọwọ́ mi sì dá.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Táyé ń dàgbà. Lọ́dún tí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í lo gíláàsì, ó kọ́kọ́ bọ́ ọ kúrò lójú kí ó tó jókòó bíi Táyé. "Ojú Táyé dá ṣáṣá. Èmi ni mo ń ka owó oníjìbìtì." Táyé a máa rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé a máa fajú ro. Bí ọ̀gá mi bá ní kí Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ràfíù, bí àwa méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín, ta ló máa ṣọ́ ọjà?"

Fọ́tò yìí ni mo gbé fún olùkọ́. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó pe gbogbo kíláàsì jọ.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo àwọn arábìnrin méjì yìí. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwà wọn ṣe yàtọ̀! Ti apá òsì yìí, ayé kò tíì já a kulẹ̀ rí. Òtítọ́ nìyí. Kí lorúkọ wọn?"

"Táyé àti Kẹ́hìndé, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ ń pe fọ́tò náà ni mo pè é.

Ó ní èmi lòun yàn. Wọ́n máa gbé fọ́tò náà kọ́ ògiri lọ́jọ́ ìparí, ọ̀gá ńlá kan láti ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ wá kéde ẹni tó ń lọ London, àwọn ìbejì méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó lè bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ébríma rí ojú mi, mo sì là á yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyẹn náà lo ń rojú sí? Ìdajì àwọn obìnrin Campama ló sanra tó bẹ́ẹ̀. Ró irú aṣọ yẹn mọ́ ẹnì kan nídìí, kó máa rẹ́rìn-ín. Tubaab kò lè mọ̀."

Òótọ́ ni, kò lè mọ̀. London ń pè mí. Mo tọ Ìyá Aláṣọ lọ ní ọjà, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ká aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Múfú, kí n mú ọmọ ọlọ́mọ wá jókòó sí àyè Táyé?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n kàn ní..."

"O gbọ́n tó òkété. Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun."

"A ó wá."

"Ẹ̀yin àti ta ni, Màmá?"

"Mo ní a ó wá. Yà fún oníbàárà."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Gbọ̀ngàn kún, ọ̀gá ńlá ti dé pẹ̀lú kóòtù nínú ooru. Ìyá Aláṣọ wọlé lóun nìkan, nínú aṣọ inú fọ́tò yẹn gan-an, ó sì jókòó níwájú. Àǹtí Hánà wo ìyá, ó wo fọ́tò tó wà lára ògiri, ó béèrè orúkọ rẹ̀. "Kẹ́hìndé," ni ìyá wí. Orúkọ yẹn wà lára ohun tí àwọn baba ńlá Àǹtí Hánà kó dání. Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì méjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àti kéèkì méjì. Ìyá mi orí sí i.

Inú olùkọ́ dùn nígbà tó rí kọ́ọ̀pù kejì. Ó sọ sí mi létí pé kí n bi ìyá níbi tí arábìnrin rẹ̀ wà, torí ìyá kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í. Ìyá gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́:

"Sọ fún un pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán Táyé níṣẹ́. Kò tíì dé."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Ọ̀gá ńlá ní kò burú, kí a dúró dè é díẹ̀. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá jókòó, a ń retí Táyé. Olùkọ́ fi àyè yẹn sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́. Oúnjẹ ń tutù. Àwọn ará Bundung bẹ̀rẹ̀ sí í wo kéèkì Táyé lójú lójú.

Níkẹyìn, olùkọ́ rán dírẹ́bà lọ sílé ìyá. Dírẹ́bà padà dé, ó sì sọ ọ́ sókè pé àwọn ará ilé ní obìnrin kan ṣoṣo ló ń gbé níbẹ̀, wọn kò rí ẹnì kejì rẹ̀ rí.

Olùkọ́ yíjú sí mi. Imú rẹ̀ tó ti bó tẹ́lẹ̀ tún wá pọ́n sí i.

"Múfú, ẹni mélòó ló wà nínú fọ́tò yìí?"

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá ní "ẹnì kan" kíákíá, tí mo bẹ̀bẹ̀, tí mo pè é ní eré ọwọ́, bóyá ó máa dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ìyá ń wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú. Ó kàn sún kọ́ọ̀pù kejì síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàyè fún ènìyàn.

"Méjì ni wọ́n, sà."

Báyìí ni London ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó ní mo ba òun nínú jẹ́. Ébríma ni wọ́n mú. Ọkọ̀ ojú omi ló yà ní èbúté, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni tàbí ẹja. Olùkọ́ ní ìrìn odò ló yọ nínú rẹ̀ yẹn. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Mo fi ojú ìtìjú wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aláṣọ ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ti sọ ohun gbogbo fún ọ̀gá mi. Ọ̀gá Ràfíù wò mí láti òkè délẹ̀.

"Òròmọdìyẹ méjì ti dé," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni fìrídọ́ọ̀mù rẹ."

Ébríma padà dé láti London. Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò ra kámẹ́rà. Ẹ̀kọ́ ló ṣí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀nà jẹun. Àwọn tó kọ́ níbẹ̀ tún ṣí tiwọn. N kò lè sọ ohun búburú nípa wọn, torí gbogbo wọn ló máa ń pè mí lọ́jọ́ ìparí pé kí n wá ya fọ́tò wọn níbi tí wọ́n ti di ìwé ẹ̀rí mú. Wọ́n á to lọ rẹrẹ, wọ́n á ní kí n bá wọn fi pẹ́ńsù tún ojú ṣe díẹ̀. Lára ẹ̀kọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ tí ó jẹun.

Ìyá Aláṣọ ń wá lọ́dọọdún, ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi, àwọn méjèèjì ń darúgbó. Ọdún tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Táyé kọjá sí ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé.

Nígbà tí ìyá papòdà, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi fún fọ́tò tí wọ́n máa gbé sílé. Ọkùnrin inú wọn ní kí n gé e sí méjì, kí ìyá wọn nìkan lè wà níbẹ̀. Mo ní n kò ní sísọ́ọ̀sì tó lè gé ìyẹn. Odindi ni mo fọ̀ fún wọn, mo sì fi gíláàsì sí i.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àlejò kan dúró níwájú fọ́tò náà pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, torí ìyá yín ni a ṣe wá bá yín kẹ́dùn. Ìkejì yìí ńkọ́?"

Ọmọbìnrin àgbà ló dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Màmá rán an níṣẹ́, ó pẹ́ jù. Màmá ti lọ pè é."