Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta tí Mo Fi Ìbínú Ṣe

Àwọn èèyàn máa ń bi mí ohun tó gbé mi dé ìdí orin tí kò ní ọ̀rọ̀: gìtá kan ṣoṣo, kò sí ìlù, kò sí elégbè. Wọ́n máa ń retí kí n sọ pé Ọlọ́run ló fi hàn mí lójú àlá. Irọ́ ni. Inú ló bí mi. Ẹnì kan ló dójú tì mí níṣojú àna mi, mo sì ṣe kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà lè dun òun náà bó ṣe dùn mí. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀gá mi ni ẹni náà. Òun ló ni ẹgbẹ́ olórin tí mo ti ń ta gìtá ní Ṣakí kí n tó láya. A máa ń lọ ṣeré káàkiri, láti Kíṣì títí dé Ìṣẹ́yìn. Ọ̀gá mọ orin kọ, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sì mọ bí a ṣe ń ki olówó títí tí olówó yóò fi gbàgbé pé òun ní ọmọ nílé. Èmi ni mo ń ta gìtá kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní ìwà kan: bí mo bá ta okùn kan tó dùn mọ́ mi, n kì í fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Mo máa ń fẹ́ kó dún lọ títí yóò fi tán fúnra rẹ̀.

Ìgànná ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ṣí ilé tuntun. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jókòó sí iwájú pátápátá. Mo ti lọ aṣọ mi, mo sì ti fi òróró pa bàtà. Nígbà tí ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀ láti mumi, mo ní ìgbà tèmi nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó wà nínú mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń fà á gùn. Àwọn tó ń jó dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀gá yíjú padà, ó rìn wá bá mi, ó sì fa wáyà yọ kúrò nídìí gìtá mi. Ìka mi ṣì ń lọ lórí okùn, kò sí ohun tó ń dún. Ó wá gbé ẹnu sí makirofóònù.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ yìí fẹ́ kí gbogbo wa sùn lọ. Ṣé orin tí èèyàn lè jó sí nìyí?"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Àna mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà nu ojú. Ọ̀gá ò dá wáyà náà padà. Mo gbé gìtá kọ́rùn bẹ́ẹ̀ títí eré fi parí, mo dà bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé ọmọ dání. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n máa lọ sílé.

Bàbá ọmọbìnrin náà ní kí n padà wá nígbà tí mo bá rí iṣẹ́ gidi. Mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù, wọ́n sì fún mi ní ọmọ wọn, ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó yẹ kí n gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Bí mo bá ń tẹ ìwé níbi iṣẹ́, ẹ̀rín Ìgànná ló ń dún létí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣẹ̀ mí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Mo ra gìtá onígi tí kò lo iná, mo sì ra rédíò tó ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo wá ń wá ibi tí n ó ti ta á. Nílé wa, bí ewúrẹ́ kò bá ké, wọ́n á gún iyán. Bàbá àgbà kan tó ń gbin tábà wà lẹ́yìn ìlú, Mùsùlùmí òdodo ni. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń fi iná gbẹ ewé tábà, ilé alámọ̀ gíga fíofío tí kò ní fèrèsé. Bí wọ́n bá ti kó tábà tà tán, ilé náà á ṣófo. Mo wọ inú rẹ̀, mo ta okùn kan. Ohùn náà gòkè lọ sí àjà, ó rìn yípo níbẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Mo dá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá fa wáyà eléyìí yọ."

Bàbá onítábà gbà, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan.

"Ta lo máa kì nínú ẹ̀?"

"Bàbá, mi ò ní kọrin rárá. Gìtá nìkan ni."

"O ò ní ki èmi tí mo nilé?"

"Kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, Bàbá."

Ó ronú sí i. Ó dùn ún. Níkẹyìn ó gbé àga wọlé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan ara wọn, kọ́, kọ́, kọ́. Gbogbo àlejò rẹ̀ ló ń fi í hàn fún. "Ẹ gbọ́, èmi nìyẹn."

Ìbínú ni mo fi ta ti àkọ́kọ́ yẹn, mo sì ta á kíákíá, kí ọ̀gá lè mọ̀ bí ọwọ́ mi ṣe yá tó. Mo gbé e délé, mo fi sí rédíò. Òkúta rédíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, mo sì gbàgbé láti sá wọn sóòrùn. Orin náà wá ń falẹ̀ jáde, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, okùn kan á dún, á pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ pa á. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Mo jẹ́ kó lọ. Ohun tí mo ń wá ní Ìgànná nìyẹn, òkúta tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ló bá mi wá a rí. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi òkúta tuntun ta gìtá sínú kásẹ́ẹ̀tì, n ó wá fi òkúta àlòkù gbọ́ ọ nínú ilé tábà, rédíò kejì tí mo rà á sì máa gba èyí tó ń falẹ̀ náà sílẹ̀. Gbogbo ará àdúgbò ló ń kó òkúta àlòkù wá fún mi. Wọ́n rò pé orí mi ti ń yí. Báyìí ni mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ tún, báyìí ni mo ṣe ṣe ti èkejì nígbà òjò, nígbà tí páànù ilé tábà ń bá mi dún, báyìí náà ni ti ẹ̀kẹta lásìkò ọyẹ́, tí okùn gìtá ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn. Onígbàjámọ̀ kan ń lò ó láti fi mú kí àwọn ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́.

Èyí tí mo bá ṣe, ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò fèsì. Èébú ìbá sàn jù.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Bàbá Ìbejì, ọ̀gá yín wà ní wọ́ọ̀dù wa. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n, apá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò rí oorun sùn, abẹ́rẹ́ ò ràn wọ́n. Mo wá fi kásẹ́ẹ̀tì yín sí rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n sùn."

Ó rò pé àánú á ṣe mí. Ayọ̀ ló ṣe mí. Mo ní ọjọ́ ti pé, ibi tó bá gbà, á sọ pé òun ṣẹ̀ mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo lọ aṣọ mi, mo lọ sí ọsibítù. Orin mi ń dún lọ lórí tábìlì kékeré nígbà tí mo wọlé. Ọ̀gá ti rù. Ó la ojú, ó wò mí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ara ńkọ́?"

"Ìwọ nìyẹn."

"Èmi ni. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì mi lẹ fi ń sùn."

"Òun ni."

"Mo fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ò fèsì."

"Èsì wo?" Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi ketekete. "Mo ti fún ọ lésì ní Ìgànná. Mo ní orin rẹ á mú èèyàn sùn. Ṣé irọ́ ni mo pa? Wò mí."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn kejì bá a rẹ́rìn-ín, ìyàwó ọkùnrin náà tó ń fún un ní ògì sì dara pọ̀.

Mo na ọwọ́ sí rédíò, mo pa á. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì mi, mo fi sápò.

Ìyàwó mi sáré tẹ̀ lé mi dé ìta wọ́ọ̀dù. "Bàbá Ìbejì, aláìsàn ni wọ́n."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ẹ forí jìn wọ́n nítorí tèmi."

Mo ní kó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé lálẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì wa ló tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀gá kò fojú ba oorun mọ́jú. Èmi sùn fọnfọn.